Omi Ti Lọ, Ẹ̀rù Kò Tíì Lọ
Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn ìdílé tí omíyalé lé kúrò nílé sọ ní Ìsàlẹ̀ Èkó

Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó, Òkè Àrín, Òkè Pópó, Ìdúmọ̀tà àti Adéníjì Àdélé, ẹ kú ewu omi o. Ẹ kú ìrọ́jú. Ẹ kú ìnáwó tí ẹ kò múra sílẹ̀ fún. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé lọ́dọ̀ ẹbí ní Mushin àti Súrúlérè, tí ẹ wọ ọkọ̀ wá nítorí ìpàdé yìí, a rí yín, a sì dúpẹ́. Bí a ṣe jókòó yìí, Krìstẹ́nì wà láàárín wa, Mùsùlùmí wà láàárín wa, bí ó ti máa ń rí nínú agboolé Ìsàlẹ̀ Èkó. Ohun tí a fẹ́ sọ lónìí kò yọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀.

Ní àwọn ìpàdé tó ṣáájú, ọ̀rọ̀ mátírẹ́ẹ̀sì, ìrẹsì, àwọ̀n ẹ̀fọn àti owó ilé la ń sọ. Ọ̀rọ̀ wọ̀nyẹn kò tíì parí. Ṣùgbọ́n nígbà tí a bá pín nǹkan tán, tí èrò ti dín kù, àwọn kan máa ń fà wá sí ẹ̀gbẹ́ kan. Wọ́n á rẹ ohùn sílẹ̀. Ẹnìkan á ní, láti ìgbà tí omi ti wọlé, òun kò fojú kan oorun. Òmíràn á ní bí òjò bá ti ṣú báyìí, àyà òun á bẹ̀rẹ̀ sí í lù kìkìkì, ọwọ́ òun á sì máa gbọ̀n. Ìyá kan á ní ọmọ òun tí kò tọ̀ sílé mọ́ láti ọdún mẹ́ta sẹ́yìn ti tún bẹ̀rẹ̀ sí í tọ̀ sílé. Ìbéèrè kan náà ni wọ́n fi máa ń parí rẹ̀: "Ṣé kì í ṣe pé mo fẹ́ ya wèrè báyìí?"

A fẹ́ dáhùn ní gbangba lónìí, kí gbogbo wa jọ gbọ́ ọ. Rárá o. Kì í ṣe wèrè. Kì í ṣe ojo. Kì í ṣe pé ìgbàgbọ́ yín kéré. Ara yín ni kò tíì gbà pé ewu náà ti kọjá.

Ọlọ́dẹ tó wà nínú ara

Ẹ jẹ́ ká fi ọlọ́dẹ àdúgbò ṣe àpẹẹrẹ. Lóru, ẹ máa ń gbọ́ ọ tí ó ń fi irin lu òpó iná, kí olè lè mọ̀ pé ó jí. Bí olè bá wọ àdúgbò lánàá, ọlọ́dẹ yẹn kò ní jókòó lálẹ́ òní. Bí ológbò bá fo fẹ́ǹsì, á fọn fèrè. Bí ẹnìkan bá ṣílẹ̀kùn láti lọ tọ̀, á tan tọ́ọ̀ṣì sí i lójú. Kì í ṣe pé orí rẹ̀ dàrú. Iṣẹ́ rẹ̀ ló ń ṣe, kò kàn tíì dá a lójú pé olè ti lọ ni.

Ara èèyàn ní irú ọlọ́dẹ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí omi ń wọlé lóru, òun ló jí gbogbo ara sílẹ̀: àyà ń sáré, ẹ̀jẹ̀ ń rọ́ lọ sí apá àti ẹsẹ̀, oorun dá lójú pátápátá. Òun ló jẹ́ kí obìnrin tí kì í lè gbé korobá omi kan gun àtẹ̀gùn gbé ọmọ méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ má bínú sí i. Àwọn kan nínú wa ìbá má sí níhìn-ín bí kò bá sí i.

Ìṣòro ibẹ̀ ni pé omi lè fà láàárín ọjọ́ mélòó kan, kí ọlọ́dẹ yìí sì wà lójúfò fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Bí òjò bá ti kan páànù, á fọn fèrè. Bí ẹnìkan bá tú omi sílẹ̀ ní báfù, á fọn fèrè. Àwọn àgbà ti sọ ọ́ tipẹ́ pé ẹni tí ejò bá bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá. Wọn kò fi ẹni náà ṣe yẹ̀yẹ́. Bí a ti dá ara èèyàn ni wọ́n ń sọ.

Onírúurú ọ̀nà ni másùnmáwo yìí ń gbà yọjú. Oorun á dá, tàbí àlá omi á máa jí ni. Inú á máa bí ni sí ọ̀rọ̀ tí kò tó nǹkan. Ẹni tó mọ ìṣirò ọjà dáadáa á máa gbàgbé ṣéńjì. Orí á máa fọ́, ẹ̀yìn á máa ro, oúnjẹ kò ní wu èèyàn jẹ. Àwọn mìíràn kò ní sunkún, wọn kò ní bínú, wọ́n á kàn máa wò sùn-ùn. Bí ẹ bá rí ara yín nínú ọ̀kan tàbí mẹ́ta nínú ìwọ̀nyí, ẹ kò dá wà. Lára àwọn tí ẹ jọ jókòó lórí bẹ́ńṣì yẹn náà, ó ń ṣẹlẹ̀ sí wọn.

Ẹ má gbé ẹ̀bi omi ru ara yín

Ohun kan wà tó ń jẹ ọkàn ju àìsùn lọ: ẹ̀bi. "Ì bá ṣe pé mo kó ọjà mi gòkè nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn." "Ì bá ṣe pé mo ti kó kúrò nílé yẹn lọ́dún tó kọjá." Àwọn kan tiẹ̀ ń bi ara wọn pé ẹ̀ṣẹ̀ wo ni àwọn dá.

Òjò ò bẹ́nìkan ṣọ̀rẹ́, ẹni eji rí leji ń pa. Erékùṣù wa kò ga ju ọ̀sà lọ tó bẹ́ẹ̀. Bí òjò ńlá bá rọ̀ nígbà tí ọ̀sà kún, omi inú gọ́tà kò ní ríbi yà sí. Bí pàǹtí bá tún dí gọ́tà, omi yóò padà sínú ilé. Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyẹn. Ní ọjọ́ Ìsinmi, ọjọ́ 10 oṣù Keje ọdún 2011, irú òjò bẹ́ẹ̀ rọ̀ l'Ékòó, ẹ̀mí àti dúkìá sì ṣòfò. Ní oṣù Keje ọdún 2017, Victoria Island àti Lẹ́kí tí àwọn olówó ń gbé wà nínú omi náà. Ní Ìbàdàn, odò Ògùnpa kún ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ ọdún 1980, omi sì tún ya wọ ìlú náà ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹjọ ọdún 2011. Ìgbà méjèèjì ni ẹ̀mí tó lé ní 100 lọ sí i. Ta ló fẹ́ ka ẹ̀ṣẹ̀ gbogbo àwọn èèyàn wọ̀nyẹn lọ́kọ̀ọ̀kan? Bí wòlíì kan tàbí ààfáà kan bá sọ fún yín pé àṣemáṣe yín ló fa omi, pàápàá bí ó bá fi owó ètùtù tì í, ẹ dìde níwájú rẹ̀ kí ẹ máa lọ.

Ohun tí yóò jẹ́ kí ọlọ́dẹ náà jókòó

Ọ̀pọ̀ nínú yín ni ara yóò rọ̀ fún láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan. A kò lè fi ipá mú un, ṣùgbọ́n a lè ràn án lọ́wọ́.

Èkíní, ẹ kọ́kọ́ tọ́jú ara. Kì í ṣe gbogbo àárẹ̀ ló jẹ́ ti ọkàn. Lẹ́yìn omíyalé, ibà àti kọ́lẹ́rà máa ń jà. Ẹ rántí oṣù Kẹfà ọdún 2024, tí kọ́lẹ́rà wọ Erékùṣù Èkó. Bí ara bá gbóná tàbí tí èèyàn bá ń ṣu omi, ilé ìwòsàn ló kàn, lójú ẹsẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí ìtọ̀ ṣúgà tí omi sì ti gbé oògùn yín lọ, ẹ má ṣe dúró dìgbà tí ẹ bá padà sílé. Ẹ sọ fún wa lónìí.

Èkejì, ẹ dá ètò ọjọ́ padà. Àkókò kan náà ni kí ẹ máa jí, kí ẹ máa wẹ̀, kí ẹ máa jẹun, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kíláàsì ilé ìwé lẹ ń sùn. Ìyá tó ń ta àkàrà tẹ́lẹ̀, bó bá rí ẹ̀wà kóńgò kan, kó dín in. Èrè ibẹ̀ lè má pọ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ tó bá ń ṣiṣẹ́ ń sọ fún ọlọ́dẹ inú pé ilẹ̀ ti mọ́.

Ẹ̀kẹta, bí ìjayà bá dé, ẹ lo èémí yín. Ẹ jókòó, kí ẹsẹ̀ méjèèjì kan ilẹ̀. Ẹ fa èémí wọlé láti imú, kí ẹ kà á: ení, èjì, ẹ̀ta. Ẹ wá tú u jáde láti ẹnu pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni tó ń fẹ́ ẹ̀kọ mímu gbígbóná, kí ẹ kà dé ẹ̀fà. Ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Lẹ́yìn náà, ẹ dárúkọ nǹkan márùn-ún tí ojú yín ń rí: àga, fèrèsé, bàtà, ògiri, ọmọ. Ẹ sọ fún ara yín pé: "Òjò ni mo ń gbọ́. Ilẹ̀ ibi tí mo wà gbẹ." Ẹ kọ́ àwọn ọmọ náà.

Ẹ̀kẹrin, ẹ ṣọ́ ohun tí ẹ ń gbé wọnú. Páráàgà àti ògógóró máa ń kun èèyàn lóorun, ṣùgbọ́n wọ́n á jí i láàárín òru, ẹ̀rù náà á sì ti pọ̀ sí i. Tramadol burú ju bẹ́ẹ̀ lọ. Fídíò omíyalé tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp náà dà bí ọtí. Ẹ wo ìròyìn ojú ọjọ́ lẹ́ẹ̀kan lóòjọ́, kí ẹ sì gbé fóònù jìnnà sí ibùsùn.

Ìtùnú tó ń pa ẹnu mọ́

Yorùbá mọ ọ̀rọ̀ ìtùnú. "Ẹ ṣọkàn gírí." "Ẹ dúpẹ́ pé ẹ̀mí kò lọ sí i." "Omi ló dànù, agbè ò fọ́." Ọ̀rọ̀ rere ni gbogbo wọn. Ṣùgbọ́n bí ẹnìkan bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń sọ pé, "Nígbà tí omi dé ọrùn mi," tí ẹ sì ti dá a lóhùn pé kó máa dúpẹ́, ọ̀rọ̀ yín ti di ọwọ́ tí ẹ fi bò ó lẹ́nu. Yóò dúpẹ́ lóòótọ́, yóò sì gbé ìyókù lọ sórí ẹní, kó máa dá rò ó lóru.

Nínú Bíbélì, nígbà tí àjálù dé bá Jóòbù, ẹni tí àwọn Mùsùlùmí mọ̀ sí Ànábì Ayyúbù, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ mẹ́ta wá jókòó tì í nílẹ̀ fún ọ̀sán méje àti òru méje láìsọ̀rọ̀. Ìgbà tí wọ́n dákẹ́ yẹn ni wọ́n ṣe dáadáa jù. Ìgbà tí wọ́n lanu tí wọ́n ní kó lọ wá ẹ̀ṣẹ̀ tó dá ni wọ́n bà á jẹ́.

Ìwé ìtọ́nisọ́nà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní ọdún 2011 fún àwọn tó ń ran èèyàn lọ́wọ́ lẹ́yìn àjálù kò jìnnà sí èyí. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta ló fi kó iṣẹ́ náà jọ: ẹ wò, ẹ gbọ́, ẹ so èèyàn pọ̀ mọ́ ìrànlọ́wọ́. Ó sì kìlọ̀ pé kí a má fipá mú ẹnikẹ́ni láti ro ohun tó rí. Ẹni tó bá fẹ́ sọ ọ́, ẹ gbọ́ ọ dé òpin. Ẹni tí kò bá fẹ́, ẹ bá a jókòó, ẹ bu omi fún un, ẹ bá a ṣa ìrẹsì. Bí ẹ bá wá ọ̀rọ̀ tì, ẹ sọ pé, "Mo wà níbí." Ó tó.

Ọmọdé, àgbàlagbà àti ọkùnrin ilé

Ọmọdé kì í sábà sọ pé ẹ̀rù ń ba òun. Ara rẹ̀ ló ń sọ ọ́: á máa tọ̀ sílé, á lẹ̀ mọ́ ìyá rẹ̀, á máa jí kígbe. Ẹ má nà án, ẹ má sì fi í ṣe yẹ̀yẹ́ níwájú àwọn ọmọ yòókù. Ẹ pààrọ̀ aṣọ rẹ̀ ní jẹ́ẹ́jẹ́. Bí ẹ bá rí àwọn ọmọ tí wọ́n ń fi ife àti ike ṣeré pé omi ti dé, ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣe é. Bí ọmọdé ṣe ń sọ ìtàn rẹ̀ nìyẹn. Ẹ má ṣèlérí pé òjò kò ní rọ̀ mọ́. Ẹ sọ pé, "Bí òjò bá rọ̀, a ti mọ ibi tí a ó lọ, a ò sì ní fi ọ́ sílẹ̀." Kí wọ́n sì tètè padà sí ilé ìwé.

Àwọn àgbàlagbà lè máa wá páálí àwòrán, aṣọ òfì tàbí ìwé ilẹ̀ fún ọjọ́ pípẹ́. Ẹ má sọ pé, "Ṣebí àwòrán lásán ni." Ojú ọkọ tó ti kú lè wà nínú àwòrán yẹn, kó má sì sí òmíràn. Àwòrán tó bá ṣì tutù, ẹ rọra ṣàn án nínú omi tó mọ́, ẹ yà wọ́n sọ́tọ̀ọ̀tọ̀ kí wọ́n tó gbẹ mọ́ra, kí ẹ sì sá wọn síbi òjìji. Díẹ̀ lè là. Ẹ bá wọn ṣe é. Iṣẹ́ ìtùnú ni.

Ẹ̀yin ọkùnrin, a mọ̀ pé ó nira fún baálé ilé láti máa sùn ní pálọ̀ àna rẹ̀, kó máa dúró lórí ìlà gba ìrẹsì. Ìtìjú yẹn lè di ìbínú. Bí ẹ bá rí i pé ọwọ́ yín ti ń yá sí ìyàwó tàbí ọmọ, ẹ jáde, ẹ rìn títí ara yóò fi rọ̀, kí ẹ sì wá ọkùnrin bíi tiyín kan bá sọ̀rọ̀. Ẹni tí omi lé kúrò nílé kò di ọ̀lẹ. Kò sì di ẹni tí kò lè sunkún.

Ẹ̀rù tó yẹ kí ẹ gbọ́

Kì í ṣe gbogbo ẹ̀rù la ń lé. Bí ọkàn yín bá ń sọ pé ògiri ilé tí ẹ fẹ́ padà sí ti sán, ẹ gbọ́ tirẹ̀. Ìsàlẹ̀ Èkó kò lè gbàgbé ọjọ́ 13 oṣù Kẹta ọdún 2019, tí ilé tí ilé ìwé wà nínú rẹ̀ wó ní Ìta Fáàjì, tí èèyàn 20 kú, ọmọdé sì wà lára wọn. Ilé tó ti gbó tí omi tún wọ ìpìlẹ̀ rẹ̀, kí àjọ LASBCA, tó ń mójú tó ilé kíkọ́ ní Ìpínlẹ̀ Èkó, yẹ̀ ẹ́ wò kí ẹ tó wọ̀ ọ́. Ó sàn kí a pẹ́ níbi tí a wà.

Bákan náà ni ti òjò kejì, tó sábà máa ń pọ̀ ní oṣù Kẹsàn-án àti oṣù Kẹwàá. Ìmúrasílẹ̀ ń dín ẹ̀rù kù. Ẹ di ìwé pàtàkì, oògùn àti fóònù sínú ọ̀rá tí omi kò lè wọ̀. Ẹ yan ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tó lágbára tí ẹ ó sá lọ. Ẹ yan ẹni tí yóò gbé ìyá àgbà. Kí gbogbo ọmọ mọ nọ́ńbà 767 àti 112, tí a ń pè fún ìrànlọ́wọ́ pàjáwìrì l'Ékòó.

Ìgbà tó yẹ kí ẹ lọ sí ilé ìwòsàn

Bí ó bá ti ju oṣù kan lọ tí nǹkan kò sì dẹ̀rọ̀, ẹ lọ. Bí ẹnìkan kò bá lè wẹ̀ mọ́, tí kò lè fún ọmọ rẹ̀ lóúnjẹ, tó ń mu ọtí lójoojúmọ́, tàbí tó ń gbọ́ ohùn tí ẹlòmíràn kò gbọ́, ẹ má dúró di oṣù kan.

Bí ẹ bá sì gbọ́ tí ẹnìkan ní, "Ì bá sàn kí omi gbé mi lọ," ẹ má ní àwàdà ni, ẹ má sì bá a wí. Ẹ bi í ní tààrà bóyá ó ń ronú láti pa ara rẹ̀. Ìbéèrè yẹn kò ní gbin èrò náà sí i lọ́kàn. Ó ń ṣílẹ̀kùn fún un ni. Ẹ má fi í sílẹ̀ lóun nìkan, ẹ kó oògùn apakòkòrò àti oògùn oorun kúrò ní àrọ́wọ́tó rẹ̀, kí ẹ sì mú un lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ilé ìlera alábọ́ọ́dé tó sún mọ́ yín tàbí Jẹ́nẹ́rà Ọ̀dàn. Bí wọ́n bá ní kí ẹ lọ sí ilé ìwòsàn ọpọlọ ti ìjọba àpapọ̀ ní Yábà, ẹ má jẹ́ kí orúkọ dẹ́rù bà yín. Àwọn èèyàn ń fi "Yaba Left" bú ara wọn nígboro, ṣùgbọ́n láti ọdún 1907 ni ibẹ̀ ti wà, ọ̀pọ̀ tó ń lọ síbẹ̀ sì ń rìn wọlé, wọ́n ń rí dókítà, wọ́n sì ń padà sílé lọ́jọ́ kan náà. Òfin ìlera ọpọlọ tí Ààrẹ Muhammadu Buhari fọwọ́ sí ní oṣù Kìíní ọdún 2023 ti rọ́pò òfin àtijọ́ ti ọdún 1958, ó sì dá ẹ̀tọ́ aláìsàn mọ̀.

Ẹ má sì jẹ́ kó lọ lóun nìkan. Ní ọdún 1954, Dókítà Adéoyè Lambo bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní Arò, l'Ábẹ́òkúta: aláìsàn wá pẹ̀lú ìbátan rẹ̀, wọ́n jọ ń gbé láàárín àwọn ará abúlé, wọ́n sì ń gba ìtọ́jú ní ilé ìwòsàn. Gbogbo ayé wá kọ́ ẹ̀kọ́ lára iṣẹ́ yẹn, Lambo sì di igbákejì olórí Àjọ Ìlera Àgbáyé. Ohun tí àwọn ìyá wa mọ̀ ló fi ṣe iṣẹ́ ìṣègùn: ara èèyàn máa ń yá láàárín èèyàn.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbàdúrà, ẹ máa gbà á lọ. Àdúrà àti dókítà kì í jà. Ẹni tó gbàdúrà kó tó wọ ọkọ̀ lọ sí Yábà kò ṣe ohun tó lòdì sí ìgbàgbọ́ rẹ̀.

Kí ẹ tó lọ, ẹ wo ẹni tó jókòó lápá ọ̀tún yín àti lápá òsì. Ẹ béèrè ibi tó ń sùn lálẹ́ òní, kí ẹ sì béèrè bóyá ó ń rí oorun sùn. Lẹ́yìn tí a bá pín nǹkan tán lónìí, àwa yóò ṣì jókòó síbi tábìlì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn. Ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀, kó wá. Ẹni tí kò bá tíì ní ọ̀rọ̀, tó kàn fẹ́ jókòó, kó wá náà. Ẹ kú ewu o.